Àwọn Ènìyàn tí Ó Wà Lẹ́yìn Ìwé Àtìgbàdégbà Black Orpheus

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé àtìgbàdégbà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo rí ẹ̀dà Black Orpheus kan ní ilé ìkàwé. Ikán ti jẹ ìdajì ojú ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Mo bi olùtọ́jú ìwé pé ta ló ṣe àwòrán náà. Kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè yẹn ni mo wá dáhùn lónìí.

Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú ṣe àpéjọ ńlá ní Yunifásítì Sorbonne ní ìlú Paris. Àwọn tí ó ń gbé Présence Africaine jáde, ìwé tí Alioune Diop dá sílẹ̀ ní 1947, ni ó pè é. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ti dé Ìbàdàn ní 1950 láti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, wà níbẹ̀. Ó rí i pé àwọn akéwì aláwọ̀ dúdú tí ó ń fi èdè Faransé kọ̀wé ti rìn jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, òun àti Janheinz Jahn, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, gbé àtẹ̀jáde kìíní jáde. Inú àròkọ tí Jean-Paul Sartre kọ ní 1948, láti fi ṣíde àkójọ ewì tí Léopold Sédar Senghor ṣe, ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Àwọn Olóòtú àti Àwọn Tí A Kò Dárúkọ

Ní 1960, Ezekiel Mphahlele, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé kúrò nínú iṣẹ́ olùkọ́, àti Wọlé Ṣóyínká di olóòtú pẹ̀lú Beier. Ewì Aimé Césaire, Léon Damas àti Nicolás Guillén ti ilẹ̀ Kúbà wà nínú ìwé náà. Oríkì àti ewì alohùn Yorùbá wà níbẹ̀. Àwòrán àti àròkọ lórí iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Susanne Wenger, ọmọ ìlú Graz ní Austria, tí ó di olórìṣà ní Òṣogbo títí ó fi kú ní 2009, ni ó ṣe ọ̀pọ̀ àwòrán ẹ̀yìn ìwé náà. Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀rọ̀ kan. Beier a máa fi orúkọ Sangodare Akanji àti Omidiji Aragbabalu kọ àròkọ. Ẹni tí ó bá ka orúkọ nìkan yóò rò pé ọmọ Yorùbá méjì ni wọ́n. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ oríkì ni ó jáde láìsí orúkọ apohùn tí ó kì í. Lójú tèmi, àléébù gidi ni: ẹni kan ní orúkọ mẹ́ta, apohùn kò ní ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ Mbari

Ní 1961, Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe, Mphahlele, Demas Nwoko, Uche Okeke àti àwọn mìíràn para pọ̀ pẹ̀lú Beier láti dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Achebe ni ó mú orúkọ náà wá láti inú èdè Ìgbò: ilé alámọ̀ tí a kún fún ère, tí a ń kọ́ fún òrìṣà ilẹ̀. Wọ́n ṣe eré níbẹ̀, wọ́n pàtẹ àwòrán, wọ́n sì tẹ ìwé, èyí tí Heavensgate ti Okigbo, ní 1962, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, Dúró Ládiípọ̀ àti Beier dá tiwọn sílẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ará ìlú sọ Mbari di Yorùbá, wọ́n ní Mbari Mbayo: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Láti ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti dé Berlin ní 1964.

Ọ̀rọ̀ Owó

Ẹgbẹ́ kan tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, Congress for Cultural Freedom, ni ó ń fi owó ran Mbari lọ́wọ́. Ní 1966 àti 1967, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tú àṣírí pé CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orílẹ̀-èdè náà, wà lẹ́yìn owó yẹn. Ṣé a wá lè pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní olómìnira? Nínú àwọn ẹ̀dà tí mo kà, n kò rí ojú ewé tí ó jọ ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni. Owó náà kò sì dáàbò bo ẹnì kan: Rajat Neogy, tí ó dá Transition sílẹ̀ ní Kampala ní 1961 tí ẹgbẹ́ kan náà sì ràn lọ́wọ́, ni ìjọba Obote sọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1968.

Ewu tí èmi rí yàtọ̀. Owó àjèjì kò jẹ́ kí àwa òǹkàwé kọ́ bí a ti ń bọ́ ìwé wa fúnra wa. Nígbà tí Beier fi máa kúrò ní Nàìjíríà, tí Okigbo sì kú sójú ogun ní 1967, àtẹ̀jáde 22 ti jáde. Clark àti Abíọ́lá Ìrèlé tẹ̀ síwájú ní 1968, ṣùgbọ́n ìwé náà kò rí ẹsẹ̀ dúró déédéé mọ́.

Ìkádìí

Àwọn ìyá wa ń fi èésú ra ọjà láìtọrọ lọ́wọ́ òkèèrè. Kí ni ó dé tí a kò lè fi èésú tẹ ìwé? Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó lọ́wọ́ sí i: olóòtú, ayàwòrán, òǹtẹ̀wé àti apohùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tún bèèrè lọ́la pé ta ló ṣe é, kí ojú má ti olùtọ́jú ìwé.