Ìpadà sí Ojúlé Kan: Ìtàn Àtúnpapọ̀ Ètò Kọ̀ǹpútà

Ó lè ya ẹlòmíràn nínú yín lẹ́nu pé èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo dìde láti sọ ìtàn nípa ètò kọ̀ǹpútà. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ ohun tí ènìyàn jókòó kọ, tí ẹlòmíràn yóò sì ní láti kà kí ó tó lè tún un ṣe. Ohun tí ó tún fà mí mọ́ra ni pé ìtàn àwọn tí ó yí padà ní àárín ọ̀nà ni ìtàn yìí. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú àkọsílẹ̀, nítorí pé ojú a máa ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láti kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé orúkọ. Ètò tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà pọ̀, tí a ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí odindi, ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní monolith. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òkúta kan ṣoṣo ni ó túmọ̀ sí, irú èyí tí Ọ̀pá Ọ̀rányàn jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni microservices, níbi tí a ti pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ara wọn. N óò máa pe èyí ní ètò olójúlé púpọ̀, n óò sì máa pe ti ìṣáájú ní ètò olójúlé kan.

James Lewis àti Martin Fowler ni ó kọ àròkọ tí ó sọ microservices di gbajúgbajà ní ọdún 2014. Kò pẹ́ tí ó fi di àṣà, tí ẹni tí kò bá pín ètò rẹ̀ fi dà bí ará oko lójú ẹgbẹ́. Fowler fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 2015 pé ó sàn kí a fi ojúlé kan bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fetí sí i.

Ìròyìn tí mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wò ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Segment, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2018. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ìròyìn ohun tí àwọn àlejò ń ṣe ní orí ìkànnì àwọn oníbàárà wọn, kí wọ́n sì fi ṣọwọ́ sí oríṣiríṣi ibi tí oníbàárà bá yàn, bíi Google Analytics. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ìròyìn náà ń tò sí. Bí ibì kan ṣoṣo bá ń falẹ̀, àwọn tí a ń tún rán sí ibẹ̀ yóò kún orí ìlà, ti àwọn ibi yòókù yóò sì dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá fún ibi kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ àti ètò tirẹ̀. Mo rò pé ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni, nítorí ó yanjú ìṣòro tí ó wà ní ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan bí ibi tuntun mẹ́ta ni wọ́n ń fi kún un lóṣooṣù, títí ojúlé fi lé ní 140. Àwọn àkọsílẹ̀ kan wà tí gbogbo ojúlé jọ ń lò. Bí a bá tún ọ̀kan ṣe nínú wọn, a ní láti dán gbogbo ojúlé wò, kí a sì tún gbogbo wọn gbé jáde. Nígbà tí àyè kò sí, ojúlé tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Báyìí ni ẹ̀dà ohun àjùmọ̀lò náà ṣe di oríṣiríṣi. Ẹni tí ó bá mọ bí ìwé tí a ń fi ọwọ́ dà kọ ṣe máa ń yàtọ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì yóò mọ ibi tí èyí ń lọ. Bí ìròyìn bá sì ya dé lójijì sí ojúlé tí kì í sábà rí iṣẹ́, a ó pe òṣìṣẹ́ láti wá fi agbára kún un. Ó dé ibi tí ẹnjiníà mẹ́ta fi ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò wọn kí ètò náà má baà kú, láìsí ohun tuntun tí wọ́n ń ṣe.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà sí ojúlé kan. Ohun 120 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ètò gbára lé, wọ́n sì sọ ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń tún ojúlé kọ̀ọ̀kan ṣe kí ó lè bá ẹ̀dà tuntun mu. Àtúnṣe 32 ni wọ́n ṣe sí àwọn ohun àjùmọ̀lò ní odindi ọdún 2016. Ní oṣù mẹ́fà tí ó ṣáájú ìròyìn náà, wọ́n ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Amazon ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, ó sì ní àṣìkà nínú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Prime Video kọ ọ́ pé àwọn pa irinṣẹ́ kan tí ó ń ṣọ́ àléébù àwòrán àti ohùn pọ̀ sí ojúlé kan, ìnáwó rẹ̀ sì fi ohun tí ó lé ní ìdá 90 nínú 100 dínkù. Ojúlé-ojúlé náà ni ó ń gbé àwòrán fún ara wọn láti inú àká kan, owó ńlá sì ni ìyẹn ń jẹ. Àwọn kan ń pariwo pé Amazon ti kọ microservices sílẹ̀. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Àwọn ará Segment kò fi ìpàdánù wọn pamọ́. Wọ́n jẹ́wọ́ pé bí àṣìṣe kan bá wọ ọ̀dọ̀ ibì kan nísinsìnyí, ó lè dá gbogbo ibi yòókù dúró. Pé àtúnṣe sí ohun àjùmọ̀lò kan lè ba ojúlé púpọ̀ jẹ́ papọ̀. Ìrántí fún ìgbà díẹ̀ tí ètò kéékèèké kan lè fi pamọ́ dáadáa nígbà tí ó dá wà ti fọ́n káàkiri sí orí ètò tí ó lé ní 3,000 tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á.