Ẹja Tí Baba Rẹ̀ Ń Tọ́, Ẹja Tí Kò Ní Olùtọ́: Ìtàn Ọmọ Àrọ̀ ní Òkè Ìdáàṣà

Ìtàn ẹja la gbé wá lónìí. Ẹni tó bá gbọ́ pé ará Ìdáàṣà ń sọ̀rọ̀ ẹja lè rẹ́rìn-ín, nítorí òkè àti àpáta ni ayé mọ̀ mọ́ wa. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pè wá. Orí àwọn òkè yìí ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun Dànhọ̀mẹ̀. Òkè gba ènìyàn là lóòótọ́, àmọ́ kì í gba omi dúró. Òjò á rọ̀, omi á ṣàn lórí àpáta lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò kéékèèké á gbẹ, á wá ku kòtò omi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Ẹja kan wà tó lè gbé inú irú kòtò bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ ni. Ó ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Omi ìbáà dọ̀tí, ìbáà kù díẹ̀, á yọ ẹnu sókè, á mí. Ní ọdún 1822, William Burchell, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ orúkọ irú rẹ̀ kan sínú ìwé: Clarias gariepinus, láti ara odò Gariep ní gúúsù Áfríkà. Àwọn ìyá wa ti ń yan án lórí iná kí ìwé yẹn tó jáde.

Àrọ̀ ní ẹlẹgbẹ́ lọ́nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Síámù, tó ń jẹ́ Thailand lónìí, ẹja kékeré aláràbarà kan wà nínú omi oko ìrẹsì tó ń mí afẹ́fẹ́ bákan náà. Betta ni wọ́n ń pè é. Ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń sìn ín nínú ìgò, nítorí pé akọ méjì kì í pàdé kí wọ́n má jà. Charles Tate Regan ló sọ ọ́ ní Betta splendens ní ọdún 1910, ìjọba Thailand sì fi í ṣe ẹ̀dá omi àmì orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2019.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nípa betta ni pé akọ ló ń tọ́ ọmọ. Á fi ẹnu fọn ìfófó bíi ti ọṣẹ sórí omi. Bí abo bá yé, akọ á ṣa ẹyin náà, á tò wọ́n sínú ìfófó, á sì máa ṣọ́ wọn. Èyí tó bá já bọ́, á gbé e padà. Láàrin ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n á pa. Iṣẹ́ ẹni tó ń sìn ín nílé ni kó tètè mú abo kúrò, kó mú baba náà kúrò nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn, kó sì wá oúnjẹ tó gba ẹnu wọn.

Àrọ̀ kò ní irú baba bẹ́ẹ̀. Bí àkúnya omi òjò bá dé, akọ àti abo á wọ inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò lóru, wọ́n á yé ẹyin síbẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Nínú táńkì, níbi tí kò sí àkúnya, àrọ̀ lè sanra kí ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin, síbẹ̀ kò ní yé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìtàn sísin àrọ̀ ni ìtàn bí ènìyàn ṣe kọ́ láti di òbí fún un.

Àwọn aládùúgbò wa ní àfonífojì odò Ouémé, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ló kọ́kọ́ dá ọgbọ́n. Wọ́n ń gbẹ́ ihò gígùn tí wọ́n ń pè ní whedo. Bí odò bá kún, ẹja á wọlé. Bí omi bá fà, ẹja á há síbẹ̀, wọ́n á sì kó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun tí odò bá gbé wá nìkan ni wọ́n ń rí kó.

Ní àwọn ọdún 1930, àwọn onímọ̀ ní Brazil rí i pé ohun kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja, tí kò tó hóró ọkà, tó jẹ́ pé bí a bá lọ̀ ọ́ tí a sì fi abẹ́rẹ́ gún un fún ẹja mìíràn, á yé. Ní àwọn ọdún 1970, Jean-Claude Micha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí àrọ̀ ní Central African Republic. Láti ọdún 1979, H. Hogendoorn ní ilẹ̀ Netherlands tẹ ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè mú àrọ̀ bímọ nígbà tí a bá fẹ́. Wọ́n ń fún ẹyin jáde láti inú abo, wọ́n ń la akọ láti mú àtọ̀ rẹ̀, wọ́n ń pò ó pọ̀. Bí omi bá lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹyin á pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan.

Ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1985, Fada Godfrey Nzamujo dá ilé ẹ̀kọ́ oko Songhai sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ń sin ẹja níbẹ̀ pẹ̀lú adìẹ àti ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì ń fi ìdin bọ́ ẹja. Songhai wà ní Savalou pẹ̀lú, tí kò jìnnà sí wa.

Àmọ́ kí ọmọ pa kò tíì tó. Nínú agboolé kan láàrin wa, a ra ọmọ àrọ̀, a kó wọn sínú táńkì símẹ́ńtì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a kà wọ́n, wọn kò tó ìdajì. A kò rí òkú ẹja kankan. La bá fẹ̀sùn kan ọmọdékùnrin tó ń bá wa pọnmi síbẹ̀, a ní ó ń kó wọn tà. Ọmọ náà sunkún, kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dé, ó ki asẹ́ bọ omi, ó gbé ẹja kan jáde tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dáadáa, ìrù òmíràn ṣì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Olè yín rèé.” A bẹ ọmọ náà, ojú sì tì wá.

Ohun tí a kọ́ nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ àrọ̀ ń jẹ oúnjẹ tó wà nínú ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ ohun ààyè tó kéré, bíi Artemia. Bó bá dàgbà díẹ̀, á lè jẹ tanwíjí. Ẹ fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Ẹ máa ṣà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ńlá wà lọ́tọ̀, kí kékeré wà lọ́tọ̀. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bo táńkì ní alẹ́ ọyẹ́. Ìgbà tí wọn kò tíì lè mí afẹ́fẹ́, omi tó mọ́ nìkan ni ẹ̀mí wọn.

Tútù ni à á ká ẹja. Bó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń dúró de ẹja yìnyín láti Kútọnu lè kọ́ iṣẹ́ yìí nísinsìnyí. Ẹ̀yin tó sì ń da oògùn sínú kòtò omi tó kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́ ọ́. Àrọ̀ tó wà níbẹ̀ ló máa yé bí òjò bá padà dé.