Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Tí A Fi Owó Wa Rà?

Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, òwe yìí ṣẹ lọ́nà tí ìtàn kò gbàgbé. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí ó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ilé, gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn sí ààfin náà. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn kan nínú wọn lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù fún àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ìlẹ̀kùn náà wọ àwọn aláṣẹ British Museum lójú, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn sí ipò èyí tó lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ni ìlẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n ohun-ìní ọba ni. Ọba ló sì pinnu ibi tí yóò gbà.

Ìlẹ̀kùn ti ayé òde òní yàtọ̀. Ráútà ni orúkọ ẹ̀rọ tí ìsọfúnni orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú ọ́fíìsì, tí ó sì ń gbà jáde. Kò sí báǹkì, ilé ìwòsàn, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré, tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á lè gbé e sí orí tábìlì kí ó sì máa pè é ní tirẹ̀. Àmọ́ ètò kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń darí rẹ̀, àléébù kì í sì í wọ́n nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí àléébù kan, wọ́n lè gba ibẹ̀ wọlé. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ló sábà máa ń ní àtúnṣe tí yóò dí ihò náà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í sì í fún ẹni tí kò bá san owó àdéhùn ìtọ́jú lọ́dọọdún. Èyí ló mú ìbéèrè náà wá: ta ló ni ẹ̀rọ tí a fi owó wa rà?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní ọdún 1952, ìjọba Amẹ́ríkà pe iléeṣẹ́ IBM lẹ́jọ́. Nígbà náà, IBM kì í ta ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀. Ńṣe ló ń fi wọ́n háyà. Ẹni tó gbà á kò lè pe ẹlòmíràn láti tún un ṣe, nítorí pé ohun olóhun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1956, IBM fọwọ́ sí àdéhùn ní ilé ẹjọ́ pé òun yóò máa ta ẹ̀rọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà, òun yóò sì máa ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún àwọn àtúnṣe tó dá dúró.

Kodak náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀rọ ẹ̀dà-ìwé Kodak ṣe ní owó pọ́ọ́kú, Kodak kọ̀ láti ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún wọn mọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 1987. Ní ọdún 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tó ti ra ẹ̀rọ olówó gọbọi kò lè ṣàdédé jù ú nù nítorí pé owó àtúnṣe gòkè, nítorí náà iléeṣẹ́ lè rẹ́ oníbàárà jẹ lẹ́yìn títà, bí ọjà tiẹ̀ kún fún ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1995, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá àwọn àtúnṣe náà láre.

Ẹjọ́ tó kan ráútà gan-an ní orúkọ Yorùbá nínú. Leonard Bosack àti Sandy Lerner, tọkọtaya láti Fásitì Stanford, ló dá iléeṣẹ́ Cisco sílẹ̀ ní ọdún 1984, ó sì di òléwájú nínú ẹ̀rọ ráútà káàkiri àgbáyé. SMARTnet ni orúkọ àdéhùn ìtọ́jú rẹ̀. Peter Alfred-Adekeye, ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣiṣẹ́ ní Cisco rí, dá iléeṣẹ́ Multiven sílẹ̀ ní ọdún 2005 láti máa tọ́jú ẹ̀rọ fún àwọn tó ni ín. Ó kó sínú ìṣòro kan náà tó bá àwọn àtúnṣe Kodak. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ Cisco ni àtúnṣe ètò wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Multiven pe Cisco lẹ́jọ́ ní Kalifóníà pé ó ń fi agídí so àtúnṣe ètò mọ́ SMARTnet, kí ẹlòmíràn má baà rí iṣẹ́ ṣe.

Cisco pe ẹjọ́ tirẹ̀ padà, ó ní Alfred-Adekeye lo ọ̀rọ̀ aṣínà òṣìṣẹ́ òun kan láti kó ètò láìgba àṣẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, bí ó ti ń jẹ́rìí nínú ẹjọ́ náà ní Vancouver ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ọlọ́pàá wọlé wá mú un nítorí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí Amẹ́ríkà fi kàn án. Ọjọ́ 28 ló lò ní àhámọ́. Multiven àti Cisco parí ẹjọ́ owó láàrin ara wọn ní ọdún 2010 kan náà. Nígbà tó di ọdún 2011, Adájọ́ Ronald McKinnon kọ̀ láti fi í ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ọwọ́ tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí pé ìgbẹ́jọ́ kò dópin, ilé ẹjọ́ kò dáhùn ìbéèrè tí Multiven gbé wá.

Láti ìgbà náà, okùn náà tún le sí i. Ní ọdún 2014, HP kéde pé ẹni tí ẹ̀rọ sáfà ProLiant rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ gàráǹtì tàbí àdéhùn ìtọ́jú kò ní rí ọ̀pọ̀ àtúnṣe ètò gbà mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Cisco fi tó aráyé létí pé àléébù ńlá wà nínú àwọn ráútà kéékèèké bíi RV042 àti RV082, àmọ́ òun kò ní ṣe àtúnṣe kankan, nítorí pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Gúúsù Èkìtì nítorí tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí owó wọn kò tó ẹ̀rọ tuntun ló ń ra àlòkù ní Computer Village, Ìkẹjà. Ní ti Cisco, ìlànà rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ nìkan ló ń kọjá láti ọwọ́ olówó àkọ́kọ́ sí ọwọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àṣẹ láti lo ètò inú rẹ̀ kì í sábà bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ àdéhùn ìtọ́jú lórí rẹ̀ ní láti san owó àṣẹ tuntun, wọ́n sì lè yẹ ẹ̀rọ náà wò kí wọ́n tó gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ Ìsẹ̀ bá rọ, alágbẹ̀dẹ Emùré lè pọ́n ọn, àgbẹ̀ tó bá rà á lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ kò sì ní padà sí Ìsẹ̀ lọ tọrọ àṣẹ kí ó tó fi kọ ebè.

Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ní àwíjàre tiwọn. Àwọn onímọ̀ tó ń wá àléébù kiri ń gba owó oṣù, owó àdéhùn ni wọ́n sì fi ń san án. Cisco pàápàá máa ń fi àtúnṣe àléébù ààbò kan ta oníbàárà tí kò ní àdéhùn lọ́rẹ, bí onítọ̀hún bá lè kàn sí i pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Àwíjàre yìí tọ́ dé àyè kan. Owó iṣẹ́ tuntun, bí agbára tí ẹ̀rọ kò ní tẹ́lẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n àléébù tó ti wà nínú ọjà láti ọjọ́ títà, ẹ̀bi olùtajà ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbé ìlẹ̀kùn tó ní ihò fún onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gba owó lọ́dọọdún kí ó tó dí ihò náà.

Nàìjíríà kò ṣófo òfin lórí èyí. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, kà á léèwọ̀ fún iléeṣẹ́ ńlá láti fi ipò rẹ̀ ni ọjà lára. Ó yẹ kí àjọ náà yẹ ọ̀rọ̀ àtúnṣe ètò wò. Kí ó tó dìgbà náà, ó yẹ kí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ìjọba ìbílẹ̀ béèrè ohun mẹ́rin kí wọ́n tó sanwó: ọdún mélòó ni àtúnṣe yóò fi máa wá, èló ni yóò máa náni lọ́dọọdún, ọjọ́ wo ni iléeṣẹ́ yóò ṣíwọ́, ṣé àṣẹ ètò yóò sì bá ẹ̀rọ lọ bí wọ́n bá tà á? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé àdéhùn. Iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ní Emùré kò lè mì Cisco, ṣùgbọ́n bí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ Èkìtì bá jọ rajà pọ̀, ohùn wọn yóò dún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.