Láti Àgbẹ̀dẹ dé Họ́ọ̀bù: Ìtàn Ilé Ọgbọ́n Tí A Kọ́ fún Ará Ẹ̀yìn Odi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè tí ìyá kan bi mí. Wọ́n pè mí sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀yìn odi Èkó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké bí wọ́n ṣe lè fi kọ̀ǹpútà àti fóònù mú òwò wọn gbòòrò. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń sọ. Nígbà tí a jáde, ìyá kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní 'pitch' tí wọ́n ní a ó wá ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Mo ronú díẹ̀, mo ní, "Ìpolówó ni, Mà. Ẹ ó dúró níwájú àwọn olówó, ẹ ó sọ ohun tí ẹ ń tà àti ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n fi owó sí i." Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìpolówó ọjà kẹ̀? Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń polówó! Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun náà ni ó sì mú mi padà sínú ìtàn.

Họ́ọ̀bù ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń pe ilé tí àwọn oníṣòwò tuntun ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń lo iná, íntánẹ́ẹ̀tì, àga àti ìmọ̀ pọ̀. Àlejò ni ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró fún kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Ẹ wo àgbẹ̀dẹ. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó lè ní ẹwìrì àti owú tirẹ̀. Ojú kan ni iná wà. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gbé ọkọ́ lọ, ibẹ̀ ni ọdẹ ń gbé ìbọn lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń fi ojú àti ọwọ́ kọ́ iṣẹ́.

Bí a bá tún wo ọ̀rọ̀ owó àti agbára, a ó rí ọ̀wẹ̀, àáró àti èsúsú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa da méjì àkọ́kọ́ pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹnì kan pe ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ láti ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ kan, kí ó sì fún wọn ní oúnjẹ. Àáró ni kí àwọn ẹgbẹ́ máa ṣe iṣẹ́ yípo lóko ara wọn: ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la. Èsúsú ni àáró tí a fi owó ṣe. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921), mẹ́nu bà á. Ní 1952, William Bascom kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí. Àní èsúsú bá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú la òkun kọjá: ní Trinidad, 'susu' ni wọ́n ń pè é títí di òní olónìí. Ẹni tí báńkì kò mọ̀ ni èsúsú ń wò, nítorí ojú àti ìwà ẹni ni onídùúró ẹni níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sí Yábàá. Lónìí, bí a bá dárúkọ Yábàá, ọkàn a máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi ni Yábàá nígbà kan rí. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ ìlú Èkó. Ó hàn sí ìjọba amúnisìn pé ilé ti há jù ní erékùṣù. Ní 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Yábàá wà lára ibi tí wọ́n pín ilẹ̀ sí, kí àwọn èèyàn lè rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1932, tí wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní 1934. Inú àwọn ará Èkó ì bá dùn, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ kò bá ti Yunifásítì London dọ́gba. Igbákejì òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti jẹ́. Wọn kò kọ́ wọn láti jẹ́ ọ̀gá. Ìbínú lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó ní 1934, èyí tí ó padà di Nigerian Youth Movement. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: a lè ṣí ilẹ̀kùn fún èèyàn, kí á sì tún fi òrùlé ilé náà há a mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ Yábàá dé ní 1947, tí wọ́n sì dá Yunifásítì Èkó, tí ó wà ní Akọka, sílẹ̀ ní 1962. Báyìí ni ẹ̀yìn odi ṣe di ojúkò ìmọ̀.

Ní 2010, okùn íntánẹ́ẹ̀tì MainOne gba abẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Bọ́sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe ṣí Co-Creation Hub, tí a mọ̀ sí CcHub, ní àjà kẹfà ilé kan ní òpópónà Herbert Macaulay, ní Yábàá. Ibẹ̀ ni BudgIT ti ta gbòǹgbò ní 2011, èyí tí ó ń túmọ̀ ìṣirò owó ìjọba sí ohun tí mẹ̀kúnnù lè lóye. Ibẹ̀ náà ni LifeBank, tí Temie Giwa-Tubosun dá sílẹ̀, ti rí ìtìlẹ́yìn, èyí tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ilé ìwòsàn fún àwọn aláìsàn. Ní 2019, CcHub ra iHub ti ìlú Nairobi ní Kẹ́ńyà. Ní 2023, Tìjání fúnra rẹ̀ di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Ohun ìwúrí ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ó wọ ilé náà, ta ni ó sì kù síta? Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá yóò rí Màkòkò lórí ọ̀sà, kò jìnnà sí Yábàá rárá. Àwọn Ègùn apẹja ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2013, Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán-ilé, parí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó léfòó lórí omi fún àwọn ọmọ Màkòkò, gbogbo ayé sì gbóríyìn fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá rọ̀, ilé náà sì wó. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Mark Zuckerberg, olówó Facebook, wá sí Yábàá, tí ó bẹ àwọn ọ̀dọ́ CcHub wò. Kò pé oṣù mẹ́ta láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìrìn díẹ̀ ni ó sì wà láàárín ibi méjèèjì. Ìkan di àríyá, èkejì di àwókù.

Ẹ tún wo Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá èbúté Àpápá. Fún àwa onímọ̀ èdè, orúkọ náà dùn: ajé gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀. Àmọ́, èbúté òdìkejì ni ẹrù olówó ti ń sọ̀, tí ó sì ń kọjá lọ. Ọmọ Yorùbá, Ìjọ̀, Ùróbò, Ìgbò àti Ìlàjẹ jọ ń gbé níbẹ̀. Ní 2007, Gbenga Sesan dá àjọ Paradigm Initiative sílẹ̀, Ajégúnlẹ̀ sì wà lára ibi tí iṣẹ́ wọn ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Ètò tí wọ́n pè ní LIFE níbẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin: ìmọ̀ nípa ìgbé-ayé, kọ̀ǹpútà, ìṣọ́ owó, àti òwò dídá sílẹ̀. Ohun tí mo gbóríyìn fún jù ni pé àwọn ni wọ́n lọ bá ọ̀dọ́ ní àdúgbò rẹ̀. Wọn kò jókòó sí Yábàá kí wọ́n máa retí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa? Mo rí mẹ́ta. Èkíní, owó-ilé lè ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn odi a máa gba aláìní mọ́ra títí ilé ọgbọ́n yóò fi dé. Bí ó bá ti dé, lánlọ́ọ̀dù a fi kún owó-ilé, aláìní a sì tún kó ẹrù. Èkejì, ìwé-ẹ̀rí lè ti ilẹ̀kùn. Rẹ̀bọ̀tọ́ọ̀sì tí ó ti ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́wàá jẹ́ olùkọ́ tó. Kí họ́ọ̀bù pè é wá kọ́ni. Ẹ̀kẹta, èdè lè ti ilẹ̀kùn, èyí sì ni ó kàn wá jù lọ.

Mi ò sọ pé kí á lé ọ̀rọ̀ àyálò jáde. Ẹ wo 'fíríìdọ̀mù'. Láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ṣùgbọ́n kò sí aránṣọ tí kò mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ parí, tí ọ̀gá gbàdúrà fún un, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu. Ọ̀rọ̀ náà di tiwa nítorí pé àwọn tí ó ń lò ó ni wọ́n fún un ní ìtumọ̀. 'Pitch' kò tíì rí bẹ́ẹ̀. A gbé e síwájú ìyá ẹlẹ́ja bí ògiri, nígbà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìpolówó, wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré.

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ìyá náà kò wá. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tí wọ́n jọ jókòó ní ọjọ́sí. Ó ní ìyá béèrè bóyá òun lè fi Yorùbá sọ tirẹ̀, wọ́n sì ní àwọn tí yóò ṣe ìdájọ́ kò gbọ́ Yorùbá. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ì bá yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi gan-an wà nínú ilé yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò sì ronú láti yọ̀ǹda ara mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, àwọn èèyàn a máa bi yín pé iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ fi ṣe. Iṣẹ́ kan nìyí. Ẹ lọ sí ilé ọgbọ́n tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe owó, èrè, gbèsè àti oníbàárà, kí ẹ sì fi í kọ ìwé ẹ̀kọ́ tí wọn yóò lò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin mọ kọ̀ǹpútà, àwọn mọ ọjà.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ajé gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn odi pẹ̀lú. Ire o.