Oògùn Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ Sísọ: Ẹ̀kọ́ Láti Aro

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Síbẹ̀, bí àìsàn bá ti jẹ mọ́ ọkàn, àwa ará ilẹ̀ òkèèrè a máa fi pa mọ́. Ẹlòmíràn ń gbé oògùn mì ní ìkọ̀kọ̀, ẹlòmíràn dá a dúró nítorí pé ẹbí ní, "Ìwọ kì í ṣe wèrè." Ìtàn ilé wa fi ọ̀nà tó sàn jù bẹ́ẹ̀ hàn wá.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa dáná fún un. Lọ́sàn-án wọ́n á gba ìtọ́jú òyìnbó. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ọdún 1957 ni Roland Kuhn, dókítà ará Switzerland, kéde pé imipramine ń ran àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dè mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1980, àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fún ọgbẹ́ ọkàn tí ogun, adigunjalè tàbí ìfipábánilòpọ̀ ń dá sílẹ̀ ní orúkọ: PTSD. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Edna Foa àti Francine Shapiro gbé ọ̀nà ìtọ́jú jáde tí aláìsàn fi ń padà sí ìrántí náà díẹ̀díẹ̀, títí agbára rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ní 1999, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sertraline fún àìsàn yìí.

Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní England ní 2018 fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣáájú. Oògùn wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà kò lè jókòó sọ̀rọ̀, oògùn lè fúyẹ́ ẹrù náà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìbi dókítà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká ṣe bí àwọn ẹbí tó tẹ̀ lé èèyàn wọn lọ sí Aro. Ẹ dáná fún un, ẹ sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.