Owó Ìjọba Nídìí Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́: Ohun Tí Dẹ́nmáàkì Ṣe

Ní ọdún 1983, wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná dúró ní etíkun àríwá Jámánì. Growian lorúkọ rẹ̀. Òpó rẹ̀ ga tó nǹkan bí 100 mítà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 3. Owó ìwádìí ìjọba ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí irin tó di apá rẹ̀ mú fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àkókò tó fi dúró fún àtúnṣe pọ̀ ju èyí tó fi yí lọ fíìfíì, nígbà tó sì di 1988, wọ́n tú u palẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Dẹ́nmáàkì gbà. Ọ̀wọ́n epo rọ̀bì ọdún 1973 dun orílẹ̀-èdè náà wọra, torí pé epo òkèèrè ló gbé wọn ró. Ní 1978, ìjọba dá ibùdó ìdánwò ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní Risø, nínú ọgbà ìwádìí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ fún agbára átọ́míìkì. Lọ́dún kejì, wọ́n ní àwọn yóò bá ẹni tó bá ra ẹ̀rọ san 30% owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí Risø kò bá fọwọ́ sí kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Àdéhùn yìí ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Káfíńtà wà lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ nígbà náà, àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ oko náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹnjiníà Risø a yẹ iṣẹ́ wọn wò fínnífínní, wọn a sì béèrè bíréèkì méjì tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì, kí apá ẹ̀rọ má baà máa sáré yí títí yóò fi já nígbà ìjì. Àbùkù ara ẹ̀rọ ẹnì kan wá di ẹ̀kọ́ fún gbogbo wọn.

Àwọn kan gbà pé kí ìjọba fi irú èyí sílẹ̀ fún oníṣòwò. Èwo nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré wọ̀nyẹn ni ì bá náwó sórí ìdánwò tí àǹfààní rẹ̀ yóò kan àwọn tí wọ́n jọ ń díje?

Owó ìjọba náà sì gbọ́dọ̀ máa wọlé láìdáwọ́dúró. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwádìí agbára oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Golden, ìpínlẹ̀ Colorado, ní 1977, kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ìjọba Reagan fi gé owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́, ìmọ̀ wọn sì bá wọn lọ.

Nàìjíríà ní ibùdó ìwádìí agbára ní Sókótó àti Nsukka. Bí owó tuntun bá wọlé, ìdánwò páànẹ́lì sólà àti bátìrì tí wọ́n ń tà ní ọjà Alábà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ sí, kí èsì rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó fẹ́ rà.