Àbá Tí Ilé Aṣòfin Kò Dìbò Lé Lórí

Ní ọjọ́ àyájọ́ òmìnira ọdún tó kọjá, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá àgbà sọ pé Anthony Enahoro ni aṣòfin tó béèrè òmìnira fún Nàìjíríà. Àbúrò bàbá mi dáhùn pé, “Bàbá, ẹ má bínú, Akíntọ́lá ni. Ilé kò gba àbá ti Enahoro wọlé rárá.” Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi. Bàbá àgbà ní, “Ìwọ tí ò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn, dá ẹjọ́ yìí fún wa.” N kò rí ẹjọ́ kankan dá. Ojú tì mí.

Nígbà tí a padà sí ilé ìwé, mo tọ olùkọ́ ìtàn wa lọ, wọ́n sì yá mi ní ìwé méjì. Mo fa ìlà sínú ìwé àjákọ mi: orúkọ aṣòfin, ọdún tó dábàá, ohun tó béèrè, àti èsì ìdìbò. Ẹni mẹ́rin ni mo rí. Anthony Enahoro dábàá ní 1953, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní 1957, Rẹ̀mí Fani-Kayode ní 1958, Abubakar Tafawa Balewa sì dá ti ìkẹyìn ní oṣù Kìíní 1960. Nígbà tí mo dé ibi èsì ti Enahoro, n kò rí nǹkan kan kọ. Ilé kò gba àbá rẹ̀, ilé kò sì kọ̀ ọ́. Wọn kò dìbò lé e lórí rárá.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Uromi ni wọ́n ti bí Enahoro, ní ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ṣùgbọ́n abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ìlú náà wà nígbà náà. Akọ̀ròyìn ni kó tó di òṣèlú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó dìde ní ilé aṣòfin ní Èkó lórúkọ ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ó ní kí ilé fọwọ́ sí i pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956.

Ó yẹ kí a mọ iye àwọn tó jókòó síbẹ̀. Nínú aṣojú 136 tí ẹkùn mẹ́ta yàn wá, 68 wá láti Àríwá, 34 láti Ìwọ̀-Oòrùn, 34 láti Ìlà-Oòrùn. Bí àwọn ará Àríwá bá fi ohùn ṣọ̀kan, kò sí bí àbá náà ṣe lè wọlé. Enahoro mọ ìṣirò yìí kó tó dìde. Sardauna Sókótó, Ahmadu Bello, sì dábàá àtúnṣe kan: kí wọ́n yọ 1956 kúrò, kí wọ́n fi “ní kété tó bá ti ṣeé ṣe” dípò rẹ̀. Nígbà tí aṣòfin mìíràn láti Àríwá tún ní kí ilé sún ìjókòó síwájú, àwọn aṣòfin Action Group àti NCNC bínú jáde. Àwọn mínísítà mẹ́rin láti Ìwọ̀-Oòrùn fi ipò wọn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà: Bọ́dé Thomas, Akíntọ́lá, Arthur Prest, àti Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ pé àwọn ará Àríwá ni wọ́n jẹ̀bi. Olùkọ́ mi ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ilé ìwé kò pọ̀ ní Àríwá nígbà náà bí ó ti pọ̀ ní Gúúsù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí òyìnbó bá tètè lọ, àwọn ọmọ Gúúsù ni yóò gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àlá. Àwọn ọmọ Èkó sì fi aṣòfin Àríwá ṣe ẹlẹ́yà lójú pópó, èyí tó dá kún ìbínú wọn. Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí Action Group fẹ́ lọ ṣe ìpolongo ní Kánò, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn 36 ni ìjọba kéde pé ó kú. Mo kọ iye yìí náà sínú ìwé mi, nítorí ó jẹ́ ara ohun tó tẹ̀lé àbá náà.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún tẹ̀lé e. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn aṣáájú wa sí ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 kan náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé ẹkùn tó bá fẹ́ ìjọba ara-ẹni lè gbà á ní 1956. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gbà á ní oṣù Kẹjọ 1957, Àríwá ní 1959. Nígbà tí Akíntọ́lá dábàá tirẹ̀ ní 1957, ilé gbà pé kí òmìnira dé ní 1959, àwọn ará Àríwá náà sì fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ilé ti sọ̀rọ̀ ní ohùn kan. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Enahoro ló kọ́kọ́ da omi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló tẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fi ìdìbò nìkan wọn aṣòfin, òdo ni Enahoro yóò gbà, kò sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, n kò sọ pé ìdìbò kò já mọ́ nǹkan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2006, ilé aṣòfin àgbà ní Àbújá kọ àtúnṣe òfin tí ì bá fi àyè sílẹ̀ fún sáà kẹta. Ariwo ẹnu ni wọ́n fi kọ̀ ọ́. Àwọn tó dìde sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, a mọ̀ wọ́n. Ẹni tó kàn jókòó tó pariwo, ta ni yóò sọ ìhà tó wà?

Mo mú ìwé àjákọ mi lọ bá Bàbá àgbà àti àbúrò bàbá mi. Mo sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá àgbà wo àwọn ìlà náà pẹ́, wọ́n ní, “Ẹni tí àwa dìbò fún ní àdúgbò yìí ńkọ́? Kọ tirẹ̀ náà.” Mo kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àyè yòókù ṣì ṣófo títí di òní: ohun tó dábàá, ohun tó sọ, ìhà tó dìbò sí. Ọdún méjì péré ló kù kí èmi náà tó ẹni tó ń dìbò. Mo fẹ́ kí àyè wọ̀nyí ti kún kó tó di ọjọ́ náà.